Àwọn Akà-má-rà Ìlú Tókíyò

Kí n tó sọ nǹkan kan, ẹ jẹ́ kí n ti yanjú èyí ná: mi ò ra mọ́tò bọ̀. Láti ọjọ́ tí mo ti dé ni wọ́n ti ń dá mi dúró kiri Festac. "Ìyá Tóbi, a gbọ́ pé Jàpáánù lẹ lọ. Mọ́tò mélòó lẹ kó dé?" Bí ẹni pé kò sí nǹkan mìíràn ní gbogbo ìlú náà àfi tòkunbọ̀. Ọmọ ni mo lọ wẹ̀ níbẹ̀. Ìwé ni mo gbé bọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ti ìwé, kó jókòó. Ẹni tó ń wá mọ́tò, kó máa lọ.

Àbúrò mi, Fẹ́mi, ti ń gbé níbẹ̀ tipẹ́, ó sì fẹ́ ọmọ ibẹ̀ kan tó ń jẹ́ Yúkò. Nígbà tí Yúkò bímọ, ìyá wa kò sí láyé mọ́ tí ì bá lọ bá wọn tọ́jú ọmọ. Èmi àgbà ló kàn. Fẹ́mi fi tíkẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́, mo di ata gígún, gààrí àti ẹ̀gúsí sínú báàgì, ó di inú bàálù.

Ṣùgbọ́n ọkọ mi náà ní iṣẹ́ tó rán mi. Ẹ̀yin tí ẹ ń ra ìwé ìròyìn lọ́wọ́ mi mọ Àṣàbí Atukọ̀, ìwé ìtàn aláwòrán tó ń jáde lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, tó dá lórí obìnrin tó ń fi ọkọ̀ ojú omi gbé èrò ní ẹ̀yìn Festac níbí. Ohun tí ẹ ò mọ̀ ni pé Bàbá Tóbi, ọkọ mi, ló ń yà á. Kì í kọ orúkọ sí i. Inú yàrá ló máa ń wà pẹ̀lú pẹ́ńsùlù rẹ̀, àwọn aládùúgbò rò pé ó ti fẹ̀yìn tì ni. Mo ti gba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀ kí n tó sọ èyí.

Tẹ́lẹ̀, Àṣàbí ń tà wàràwàrà. Nígbà tí fíìmù inú sídì gba ìgboro, tí gbogbo ayé tún bẹ̀rẹ̀ sí í ra fóònù alágbèéká, ọjà rẹ̀ kú. Ilé-iṣẹ́ ìpolówó ọjà kan ní Erékùṣù wá ní kí ọkọ mi wá máa ya ọṣẹ ìfọyín àti mílíìkì fún àwọn. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí ìyàwó òun ti ìrìn-àjò dé kí òun tó dá wọn lóhùn.

Àárọ̀ ọjọ́ tí mo ń lọ, ó bá mi gbé báàgì dé ẹnu ọ̀nà. Ó ní, "Ìyá Tóbi, wọ́n ní àwọn ará ibẹ̀ kì í fi ìwé aláwòrán ṣeré. Máńgà ni wọ́n ń pè é. Bá mi wo ohun tó ń mú kó tà. Bí o bá rí ohun kan tí àwa náà lè ṣe, màá sọ fún ilé-iṣẹ́ yẹn pé rárá. Bí o ò bá rí i, kò burú. Àṣàbí á ta ọkọ̀ rẹ̀, á lọ bá ọmọ rẹ̀ ní Ìbàdàn, ìtàn á parí."

Ó sọ ọ́ pẹ̀lẹ́, bí ẹni ń sọ pé òjò fẹ́ rọ̀. Inú mi bàjẹ́ gan-an. Ọjọ́ ti pẹ́ tí a ti ń bá Àṣàbí gbé. Àwọn ọmọ mi tiẹ̀ ń pè é ní àǹtí.

Ìdákẹ́jẹ́ẹ́

Ohun tó kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù ní Tókíyò ni ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Èrò inú reluwé pọ̀ bí èrò Mile 2 láàárọ̀ Mọ́ńdè, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó ń sọ̀rọ̀. Mo fi ohùn tí Ọlọ́run fún mi bá Fẹ́mi sọ̀rọ̀, gbogbo ojú yí padà. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra."

Mo ní, "Kí ni mo ṣe? Ṣé mo bú ẹnìkan ni?"

Mo jókòó, àga ẹ̀gbẹ́ mi sì ṣófo. Èrò dúró gbágbáágbá, wọ́n di irin òkè mú, àga ṣófo síbẹ̀. Mo gbóòórùn ara mi, mo ti wẹ̀. Fẹ́mi ní kí n má bínú, pé ojú ló ń tì wọ́n. Ojú tí ń tini tó sì ń mú kí ẹsẹ̀ máa ro èèyàn? Ó dùn mí, mi ò ní parọ́.

Lọ́jọ́ mìíràn, màmá arúgbó kan wọlé, ó wá jókòó tì mí gbáà. Ó yọ ọsàn kékeré kan nínú báàgì rẹ̀, ó fi lé mi lọ́wọ́, ó tẹrí ba. Èmi náà sọ̀ kalẹ̀, mo fi orúnkún kan kanlẹ̀. Ó tún tẹrí ba. Mo tún kúnlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ la ṣe é títí ó fi bọ́ sílẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn ni ara mi ti balẹ̀ ní ìlú náà.

Inú reluwé yìí ni mo ti kọ́kọ́ rí máńgà. Ọkùnrin kan tó wọ kóòtù, tí ewú ti gba orí rẹ̀, tó jọ ọ̀gá báńkì, ló ń ka ìwé àwòrán tó nípọn bí odidi búrẹ́dì. Kò fi nǹkan bò ó o! Nílé wa níbí, bí àgbàlagbà bá ń ka Àṣàbí, inú ìwé ìròyìn ló máa ń fi pa mọ́ sí. Nígbà tí ọkùnrin náà fẹ́ bọ́ọ́lẹ̀, ó gbé ìwé yẹn sórí pẹpẹ ẹrù, ó sì lọ. Mo ti fẹ́ pariwo pé ó gbàgbé ẹrù, ni ọkùnrin mìíràn bá nawọ́ gbé e, ó jókòó, ó ń kà á lọ. Ìwé ẹyọ kan, ẹni méjì. Mo ní, irú ọjà wo nìyí?

Ọbẹ̀ tí wọ́n ń fà

Wọ́n tọ́jú mi, kí n má ṣe àìmoore. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo ṣe àlejò nílé àwọn òbí Yúkò, wọ́n gbé ẹja wá, wọ́n gé e wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, ó pupa, ó ń dán. Mo ní ẹja yìí dára, níbo ni iná wà? Fẹ́mi wo ilẹ̀. Kò sí iná kankan tó ń bọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń jẹ ẹ́. Mo jẹ ẹyọ kan nítorí àbúrò mi, mo sì fi tíì lé e lọ kíákíá.

Èyí tí mo fẹ́ràn ni núdù inú omi ọbẹ̀ gbígbóná. Ṣùgbọ́n ariwo tí àwọn tí kì í sọ̀rọ̀ ń pa nídìí rẹ̀! Fùrùù, fùrùù, àgbà àti ọmọdé, wọ́n ń fà á. Ìyá mi ì bá ti gbá wa létí. Fẹ́mi ní bí mi ò bá fà á, ẹni tó sè é á rò pé kò dùn mọ́ mi. Mo fà á, ó ta sí ìró mi. Bàbá Yúkò pàtẹ́wọ́ fún mi. Èmi náà fi gààrí hàn wọ́n, pẹ̀lú omi tútù àti ṣúgà. Yúkò mu ún tán, ó tún na kọ́ọ̀pù.

Ọjọ́ kan ni mo wọ yàrá lọ gbé ọmọ, tí mo bá Yúkò tó ń fún un lọ́mú, tó sì ń sunkún. Ẹ̀rù bà mí, mo pe Fẹ́mi. Àṣé kò sí ohun tó ń ṣe é. Ìwé ló ń kà lọ́wọ́, ọkùnrin kan ló já ọmọbìnrin inú ìwé náà sílẹ̀. Ó ti tó oṣù mélòó kan tó ti ń dúró láti mọ̀ bóyá ọkùnrin náà á padà wá.

Mo ní kó jẹ́ kí n wò ó. Mo ṣí i láti ibi tí àwa máa ń ṣí ìwé. Ẹni tí wọ́n ń sin lójú ewé àkọ́kọ́ ló ń gbéyàwó lójú ewé kejì. Mo ní, "Fẹ́mi, ìtàn yìí ò yé mi, òkú ń ṣègbéyàwó." Yúkò rẹ́rìn-ín débi pé omijé rẹ̀ gbẹ. Ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ ìwé tiwọn, bíi ti àwọn tó ń ka Kùránì. Ó fi hàn mí bí wọ́n ṣe ń kà á, ó sì sọ fún mi pé tàwọn ìyá ọmọ nìyí, pé tàwọn ọkùnrin wà lọ́tọ̀, tàwọn ọmọbìnrin ilé-ìwé lọ́tọ̀, àní tàwọn tó fẹ́ràn oúnjẹ sísè pàápàá wà. Kò sẹ́ni tí wọn kò yà fún.

Ṣọ́ọ̀bù Màmá Sàtó

Mo ní kí Fẹ́mi mú mi lọ síbi tí wọ́n ti ń tà á. Ṣọ́ọ̀bù kékeré kan wà nítòsí ilé wọn, opó àgbàlagbà kan tí wọ́n ń pè ní Sàtó ló ni ín. Fẹ́mi gbé ọmọ tẹ̀lé mi lẹ́yìn, èmi wọlé ṣáájú.

Ohun tí mo rí mú mi dúró. Àwọn èèyàn tò sí iwájú pẹpẹ ìwé, wọ́n ń kà. Kì í ṣe pé wọ́n ń wò ó kí wọ́n tó rà á o. Kíkà ni. Ọ̀kan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí tirẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí mọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀. Àwa tí à ń ta ìwé ìròyìn mọ irú àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀ dáadáa. Akà-má-rà ni mo ń pe tiwa. Wọ́n á yí tábìlì ká láàárọ̀, wọ́n á ka gbogbo ìwé tán, wọ́n á jiyàn lé e lórí, wọ́n á sì gbọn aṣọ lọ láìra ẹyọ kan. Ọ̀gá gbogbo wọn ni Àlàájì kan láti Alákijà, ọmọ ìdílé onílẹ̀ tó ti wà lágbègbè yìí kí ìjọba tó kọ́ Festac. Ilé tó ń gba owó rẹ̀ kò kéré, síbẹ̀ kò ra ìwé rí. Mo ní igi kékeré kan tí mo fi ń gbá etí tábìlì láti lé àwọn tó kù. Nítorí Àlàájì, tí mi ò lè gbá igi sí lójú, mo di gbogbo Àṣàbí sínú náílọ̀n, mo sì fi pín-ìn-nì kàn án pa.

Mo wá wo Màmá Sàtó. Ó ń gbálẹ̀ láàárín ẹsẹ̀ àwọn akà-má-rà wọ̀nyí, ó sì ń tẹrí ba fún wọn pé kí wọ́n má bínú! Àánú rẹ̀ ṣe mí. Mo ní opó ni, kò rí ẹni bá a sọ̀rọ̀ ni. Mo lọ bá ọkùnrin àkọ́kọ́, mo tọ́ ìwé ọwọ́ rẹ̀, mo ní, "Bọ̀dá, ṣé ẹ máa rà á, àbí ẹ ò ní rà á?"

Kò gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n ó gbọ́ ohùn mi. Ó rọra fi ìwé sílẹ̀, ó tẹrí ba, ó jáde. Mo kọjú sí ìkejì. Kò dúró kí n sọ̀rọ̀. Kí Fẹ́mi tó dé, mo ti gbá ṣọ́ọ̀bù mọ́ féfé, mo wá ń wo Màmá Sàtó kó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Ó di ìgbálẹ̀ mú, ó la ẹnu sílẹ̀. Fẹ́mi bẹ̀rẹ̀ sí í tẹrí ba tọmọtọmọ, ó tẹ̀ ẹ́ títí mo fi rò pé nǹkan rẹ̀ ló jábọ́. Lẹ́yìn náà ni màmá fi ọwọ́ bo ẹnu, ó rẹ́rìn-ín, ó fà mí jókòó, ó gbé tíì wá. Fẹ́mi ń túmọ̀ fún wa.

Ó ní, "Àwọn tí ẹ lé yẹn, àwọn ló ń bá mi tajà."

Mo ní, "Báwo? Wọn ò ra nǹkan kan."

Ó mú mi lọ síbi tábìlì kan lẹ́nu ọ̀nà, níbi tó kó àwọn ìwé tó tà jùlọ lọ́dún tó kọjá sí. Ọ̀kan jẹ́ ti àwọn oníjà, ọ̀kan jẹ́ ti ọmọbìnrin méjì tó ń gbé yàrá kan náà nílùú ńlá, ọ̀kan jẹ́ ti ọmọ tó ń kọ́ bọ́ọ̀lù. Náílọ̀n lòun náà fi di àwọn wọ̀nyí. Ṣùgbọ́n inú ìwé ọlọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ tó nípọn yẹn ni ìtàn wọn ti kọ́kọ́ jáde ní díẹ̀díẹ̀, ìyẹn ló sì fi sílẹ̀ gbayawu. Ó ní ẹni tó bá dúró kà á lónìí á lọ sọ ọ́ níbiiṣẹ́ àti nílé-ìwé. Ìtàn á dá a dúró síbi tó dùn, kò ní lè sùn, á padà wá. Nígbà tó bá yá, á ra odidi ìwé náà láti fi pa mọ́ nílé. Wọ́n á tún gbé ìtàn kan náà sórí tẹlifíṣọ̀n, àwọn ọmọ á sì sáré wá ra ìwé, nítorí wọ́n fẹ́ mọ ohun tó ń bọ̀ kí tẹlifíṣọ̀n tó dé ibẹ̀.

Mo ní, "Ṣé gbogbo rẹ̀ nìyẹn?"

Ó ṣí ìwé ọlọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ kan, ó fa káàdì kékeré kan yọ láàárín rẹ̀. Ó ní òǹkàwé á kọ ìtàn tó dùn mọ́ ọn jùlọ sí i, á sì fi ránṣẹ́ sáwọn tó ṣe ìwé náà. Bí ẹnu àwọn òǹkàwé bá kúrò lórí ìtàn kan, wọ́n á gé e kúrò. Bí wọ́n bá fẹ́ràn ẹnìkan nínú rẹ̀, ayàwòrán á gbọ́, kò ní jẹ́ kí ẹni náà lọ.

Màmá Sàtó fún mi ní ìwé náà lọ́fẹ̀ẹ́. Bí a ṣe ń rìn padà sílé, mo tẹjú mọ́lẹ̀. Fẹ́mi rò pé ìtìjú ló ń ṣe mí. Ìtìjú kọ́. Mo ń wò ó pé kí ni màá sọ fún Bàbá Tóbi. Ta ló máa gbé wa sórí tẹlifíṣọ̀n? Ta ló máa kọ káàdì ní Festac, kó lọ to ìlà nílé ìfìwéránṣẹ́, torí kó lè sọ pé òun fẹ́ràn Àṣàbí? Mo rí ohun tó ń mú tiwọn tà kedere, mi ò sì rí èyí tí a lè mú lọ sílé.

Ilé

Bàbá Tóbi fetí sílẹ̀ títí mo fi sọ gbogbo rẹ̀ tán. Ó wo ìwé tí mo gbé bọ̀, ó fọwọ́ pa ojú ewé rẹ̀, ó ní iṣẹ́ ọwọ́ wọn dára. Ó wá ní, "Kò burú. O ti gbìyànjú. Màá pe àwọn ará Erékùṣù lọ́jọ́ Mọ́ńdè."

Nígbà tí mo wà lọ́hùn-ún ni ìwé Àṣàbí tó ṣáájú ìparí ti jáde, níbi tí àwọn kan ti wá ná ọkọ̀ Àṣàbí. Ojú ewé ìparí wà lórí tábìlì rẹ̀. Ó ti fi pẹ́ńsùlù yà á, ó ku kó fi yíǹkì tẹ̀ ẹ́: Àṣàbí dúró létí omi, ó ń gba owó ọkọ̀ lọ́wọ́ àwọn tó rà á. Mi ò lè wò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Ọkàn mi gbóná. Mo jáde sídìí tábìlì mi níwájú ilé láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo sọ igi yẹn nù, mo fa gbogbo náílọ̀n ya. Mo ní bó bá jẹ́ ìdágbére ni, kí wọ́n kà á kí ojú wọn fọ́.

Wọ́n kọ́kọ́ bẹ̀rù. Wọ́n rò pé ara mi ò yá. Nígbà tó yá, wọ́n sún mọ́ ọn, wọ́n mú un, wọ́n ń kà. Àlàájì dé, ó fi gíláàsì sójú, ó na ọwọ́ sí Àṣàbí, ó wò mí. Mo ní, "Ẹ kà á, Àlàájì." Ni àríyànjiyàn bá bẹ́ sílẹ̀. Nọ́ọ̀sì kan láti Amúwo ní kí Àṣàbí ta ọkọ̀ náà jàre, pé ó ti rẹ̀ ẹ́. Ẹlòmíràn ní irọ́ ni, àwọn tó wá ná an kì í ṣe èèyàn gidi. Ohùn wọn ń lọ sókè, ẹnìkan ń gbá tábìlì.

Mo dúró, etí mi là. Háà! Káàdì wo ni mo tún ń wá? Àwọn wọ̀nyí ni káàdì wa. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń wá jẹ́ iṣẹ́ náà lójoojúmọ́, ẹni tó yẹ kó gbọ́ ọ kò sì sí níta.

Mo sáré wọlé. "Bàbá Tóbi, wá bá mi di agbòòrùn orí tábìlì mú, atẹ́gùn fẹ́ gbé e lọ."

"Atẹ́gùn wo?"

"Ṣá máa bọ̀!"

Ó bọ́ síta nínú síńgílẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó wo agbòòrùn tó dúró gbọn-in, ó wò mí. Mo ní kó jókòó. Ó jókòó lórí bẹ́ǹṣì lẹ́yìn mi. Kò sẹ́ni tó kà á sí.

Nọ́ọ̀sì ní, "Àlàájì, ẹ jẹ́ kó lọ sinmi lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀."

Àlàájì gbé ìwé náà lé àyà. "Kó lọ sinmi kẹ̀? Ìyá tó bí mi tu ọkọ̀ ní odò yìí, nígbà tí ibi tí a dúró sí yìí ṣì jẹ́ igbó. Àwa ọmọ là ń sọ fún un pé kó tà á, kó wá jókòó ti wa. Kò tà á. Ọjọ́ tó kú, ọkọ̀ rẹ̀ ṣì wà létí omi." Ó yọ gíláàsì, ó fi etí agbádá nu ojú. "Mi ò ní àwòrán rẹ̀ kankan. Kò ya fọ́tò rí. Bí Àṣàbí yìí ṣe ń wé gèlè, bó ṣe ń di àjẹ̀ mú, ìyá mi gan-an nìyẹn. Ẹ̀yin rò pé ọ̀fẹ́ ni mo ń wá jẹ níbí. Ìyá mi ni mo ń wá wò."

Ojú tì mí, àánú ṣe mí, inú mi tún dùn, gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Àlàájì kọjú sí mi. "Ìyá Tóbi, ẹni tó ń ya ìwé yìí, ṣé ẹ mọ̀ ọ́n?"

Kí n tó dáhùn, mo gbọ́ ohùn lẹ́yìn mi. "Mo mọ̀ ọ́n, sà."

"Ẹ bá mi sọ fún un pé mo bẹ̀ ẹ́, kó má ta ọkọ̀ náà."

Bàbá Tóbi dìde. Ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀ nínú síńgílẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Ó ní, "Màá sọ fún un, sà." Ó wọlé.

Àlàájì pa ìwé náà dé, ó tún etí ewé rẹ̀ ṣe, ó fi í sórí èyí tó kù lórí tábìlì, ó gbọn agbádá, ó lọ. Kò rà á o.

Nígbà tí mo rí àyè wọlé, ọkọ mi tẹ̀ mọ́ tábìlì, ìréésà tó fi ń pa pẹ́ńsùlù rẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn tó wá ra ọkọ̀ ti parẹ́, owó ti parẹ́. Àṣàbí nìkan ló kù létí omi, Bàbá Tóbi sì ń ya àjẹ̀ sí i lọ́wọ́.